Ta Ló Ni Ìwọ̀n Màlúù?

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní Ireland, ló mú ọ̀rọ̀ náà dé etí mi. Ó ní lọ́dún 2019 ìjọba ibẹ̀ ya mílíọ̀nù 20 yúrò sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń sin màlúù ẹlẹ́ran. Kí àgbẹ̀ gbé ìyá màlúù àti ọmọ tó ń mu ọmú lọ́wọ́ sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kan náà, kí ó fi kílò àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí àjọ tó ń tọ́jú ìwé ìran màlúù orílẹ̀-èdè náà, owó tó tó yúrò 40 lórí ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì wọlé fún un. Mo ṣírò rẹ̀ sí owó wa: ó lé ní sẹ́fà 26,000. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn darandaran àti oníṣòwò tó máa ń fara ti ògiri lọ́jà màlúù Tanghin, ní Ouagadougou níbí, mo ní kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé ìjọba tiwa ló fẹ́ ṣe é.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣírò owó. Bàbá àgbàlagbà kan, tó ti ń da ẹran láti ìhà Dori wá kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ọ̀nà ọjà, ló dá wọn dúró. Wọ́n ní: "Ta ni wọ́n máa kó owó náà fún? Ṣé ẹni tó ni màlúù ni, àbí ẹni tó ń dà á?" Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn. Ìbéèrè yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ìtàn tó gùn ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ẹni tí kò bá sì mọ ìtàn náà yóò rò pé àìmọ̀kan ló ń mú kí darandaran máa sá fún ìwé ìjọba.

Kumasi ni wọ́n ti bí mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn Yorùbá tó pọ̀ jù lọ forí lé ilé. Bàbá mi kọjú sí àríwá. Okùn àti aṣọ ni wọ́n ń tà, àwọn oníṣòwò màlúù tó ń ti Upper Volta (Burkina Faso òní) sọ̀ kalẹ̀ wá sí Kumasi ni oníbàárà wọn, ni wọ́n bá tọ àwọn oníbàárà náà lọ. Zangouettin ni a dé sí, àdúgbò tí àwọn Hausa àti àwọn àlejò oníṣòwò ń gbé ní àárín ìlú, èyí tí wọ́n wó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí nígbà tí wọ́n ń tún àárín Ouagadougou ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn baálé ẹran ti rí i pé mo mọ̀wé, ó sì fi mí ṣe akọ̀wé rẹ̀ lọ́jà. Ìwé tí mo ń kọ fún un ní ìlà fún ọjọ́, fún àwọ̀ ẹran, akọ tàbí abo, àmì tó wà lára rẹ̀, orúkọ ẹni tó tà, ẹni tó rà, oníduúró àti iye owó. Kò ní ìlà fún kílò rí.

Kì í ṣe pé kílò kò já mọ́ nǹkan. Òun gan-an ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà kò ní dúró níwájú ẹran. Ẹ̀yìn ni yóò gbà, yóò fi ìka tẹ ìdí ìrù láti mọ bí ọ̀rá ṣe nípọn tó níbẹ̀, yóò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé egungun ìhà tó kẹ́yìn, yóò wo iké bóyá ó dúró ṣánṣán tàbí ó ti ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹran rìn. Yóò béèrè ibi tó sùn lánàá àti ìgbà tó mu omi kẹ́yìn, nítorí pé lítà omi kan kílò kan ni, màlúù tó bá sì mu àmuyó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lè gbé bíi kílò 30 omi sínú wọ ọjà. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni alápatà yóò wá ṣírò sínú: ẹran tó máa so sórí ìkọ́, awọ, orí, ẹsẹ̀, ìfun, ẹ̀dọ̀. Mo ti rí alápatà tó dárúkọ ohun tí ẹran yóò wọ̀n kí wọ́n tó dá a dúbúlẹ̀, tí òṣùwọ̀n ilé ìpẹran sì jẹ́rìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ilé ìpẹran yìí ṣe pàtàkì. Ouagadougou ní ilé ìpẹran alámúlétutù ńlá ní Kossodo. Òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, tó dára. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ti pa màlúù, tí wọ́n ti bó o, tí wọ́n ti là á sí méjì, ni ó ń kọ́kọ́ pàdé òṣùwọ̀n láyé rẹ̀. Ní wákàtí yẹn, ẹni tó sìn ín ti gba owó rẹ̀, ó ti ra mílẹ́ẹ̀tì àti iyọ̀, ó ti wà lọ́nà ilé. Alápatà ló mọ kílò. Ọmọ ìlú ra ẹran ní kílò lọ́wọ́ alápatà. Darandaran nìkan ni ó ta ohun tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú gbogbo wọn, òun ló sì bá ẹran náà rìn jìnnà jù.

Àwọn ará ilé tó mọ Sábó Ìbàdàn kò ní ṣi Tanghin mọ̀. Abner Cohen, tó gbé láàárín àwọn Hausa Sábó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, fi ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1969 ṣàlàyé bí ọjà màlúù ibẹ̀ ṣe ń lọ: baálé tó ń gba àlejò oníṣòwò sílé, dìláàlì tó ń bá wọn ná ọjà, alápatà Yorùbá tó ń gbé ẹran lọ ní àwìn tó sì ń san án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bákan náà ni tiwa. Iṣẹ́ oníduúró ni láti jẹ́rìí pé ẹran náà kì í ṣe ti olè. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, òun ni wọn yóò mú. Ohun tí ìwé mi ń tọ́jú nìyẹn: ìdánilójú pé ẹni báyìí mọ ẹni báyìí. Ọjà tó dúró lórí ìfọkàntán kò nílò òṣùwọ̀n kánkán, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfọkàntán náà kò sọ fún darandaran bóyá iye tó gbà tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìbéèrè bàbá Dori. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yìí, tí í ṣe ilẹ̀ àwọn Mossi, màlúù tó ń jẹ koríko lábẹ́ ọwọ́ Fúlàní kan kì í ṣe tirẹ̀ gbogbo. Àgbẹ̀ Mossi tó bá ta ọkà, tàbí tó bá ti oko kòkó Côte d'Ivoire dé pẹ̀lú owó díẹ̀, yóò ra abo màlúù kan, yóò sì fà á lé Fúlàní lọ́wọ́. Fúlàní ló ni wàrà, òun ló ni ìgbẹ́ ẹran tó máa fi ṣe ajílẹ̀, wọ́n sì lè fún un ní ọmọ màlúù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àdéhùn bá ṣe rí. Àdéhùn náà jẹ́ ti ẹnu, ó sì sábà máa ń jẹ́ àṣírí. Ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ mọ̀. Àbúrò tó ń wá owó ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ mọ̀. Olóyè kò gbọdọ̀ mọ̀. Mark Breusers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ nípa àṣà yìí lọ́dún 1998, lásìkò tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ìjà nìkan ló wà láàárín Mossi àti Fúlàní. Wọ́n fi hàn pé lábẹ́ ìjà tí gbogbo ayé ń rí, okùn kan wà tí kò já, okùn màlúù tí a fi pamọ́ sọ́wọ́ ara wa.

Ta ni wọ́n ń fi í pamọ́ fún? Ẹbí ni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ni pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1896 ni ọmọ ogun Faransé tí Voulet ṣáájú wọn gba Ouagadougou, tí wọ́n sun ún, tí Mogho Naaba Wobgo, ọba àwọn Mossi, sì sá lọ. Owó orí tẹ̀ lé e láìpẹ́. Àwọn olóyè ni wọ́n fi ń gbà á, olóyè tí iye tí wọ́n bù fún un kò bá sì pé yóò lọ wá a níbi tó wà, ibi tó sì rọrùn jù láti rí ọrọ̀ ẹni tí kò ní owó fàdákà ni agbo ẹran rẹ̀. Ogun àgbáyé kìíní dé, kọmáńdà ń béèrè ọkùnrin fún iṣẹ́ ológun, ó ń béèrè ọkà, ó ń béèrè màlúù. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ yìí jà lọ́dún 1915 àti 1916, ìjà tó gba ẹ̀mí púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí kíka màlúù túmọ̀ sí nígbà náà, kí ó ka ìwé tí Amadou Hampâté Bâ tẹ̀ jáde lọ́dún 1973 lórí ìgbésí ayé ògbufọ̀ kan tó pè ní Wangrin. Nínú rẹ̀, màlúù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú nítorí ogun di ọ̀nà ọrọ̀ fún ògbufọ̀ náà: iye tó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí iye tó rìn jáde lẹ́nu ọ̀nà abúlé, àárín méjèèjì sì ni ó ti ń jẹun. Hampâté Bâ fúnra rẹ̀, ọmọ Fúlàní láti Bandiagara, di akọ̀wé kékeré nínú iṣẹ́ ìjọba níbí ní Ouagadougou lọ́dún 1922. Ó mọ àwọn ọ́fíìsì náà láti inú. Mo máa ń rò ó bí èmi náà ti jẹ́ akọ̀wé ẹran: ìlà kan péré nínú ìwé, bí ọwọ́ tó kọ ọ́ kò bá mọ́, lè gba màlúù lọ́wọ́ ọmọ òrukàn.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1919 ni Faransé dá Upper Volta sílẹ̀. Lọ́dún 1932 wọ́n tú u ká, wọ́n pín in fún Côte d'Ivoire, Soudan (Mali òní) àti Niger. Dori àti Fada N'Gourma bọ́ sọ́wọ́ Niger. Màlúù Dori kò gbé ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti kúrò nínú ìwé ìlú kan bọ́ sínú ìwé ìlú mìíràn. Lọ́dún 1947 wọ́n tún kó wọn padà. Bí ẹ bá bi darandaran Dori nígbà náà pé ìjọba wo ló ka ẹran rẹ̀, yóò sọ pé gbogbo wọn ni. Lápá ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní Àríwá Nàìjíríà, owó orí màlúù tí wọ́n ń pè ní jangali ni wọ́n ń gbà, lórí iye tí wọ́n bá kà. Nítorí náà Fúlàní kọ́ láti pín agbo ẹran sí wẹ́wẹ́ kí àwọn akànran tó dé, kí wọ́n kó ìdajì gba inú igbó, kí wọ́n sọdá ààlà bí ààlà bá sún mọ́ tòsí. Yorùbá tó mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ kò ní béèrè ìdí tí Fúlàní kì í fi í dárúkọ iye màlúù rẹ̀. Tiwọn wá ní ìdí kejì tó le ju èèwọ̀ lọ.

Àwọn tó ní ẹran lọ́wọ́ kì í ṣe aláìlọ́gbọ́n o. Wọ́n mọ iye ohun tí wọ́n ní, wọ́n sì mọ ibi tí yóò ti pa owó. Àwọn Mossi ti ń da màlúù, àgùntàn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí Salaga àti Kumasi kí Òyìnbó tó dé, obì ni wọ́n fi ń di ẹrù bọ̀. Elliott Skinner, ọmọ Trinidad tó di olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, tó sì ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Ouagadougou láti 1966 sí 1969, kọ nípa àwọn ọ̀wọ́ oníṣòwò náà dáadáa. Ọ̀nà yẹn ni bàbá mi fi mọ̀ wọ́n. Ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé Bobo-Dioulasso lọ́dún 1934, ó dé Ouagadougou lọ́dún 1954, màlúù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé òmìnira 1960, ẹran ọ̀sìn ló ṣáájú nínú ohun tí Upper Volta ń tà sí òkèèrè.

Ìgbà kan wà tí kíka ẹran mú oore wá. Mi ò lè sọ ìtàn yìí kí n fo èyí. Àrùn tí Òyìnbó ń pè ní rinderpest ti pa màlúù Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bí ẹni ń gé koríko ní àwọn ọdún 1890, ó sì ń padà wá lóòrèkóòrè. Lọ́dún 1962 ni ètò abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní JP15 bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè adágún Chad, ó sì kan Upper Volta nígbà tó yá. Wọ́n ń gún màlúù ní abẹ́rẹ́, wọ́n ń lu etí rẹ̀ níhò kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n ti gún. Àwọn àgbà tí mo bá lọ́jà máa ń ròyìn rẹ̀: ẹ̀rù ba wọ́n pé ìwé abẹ́rẹ́ yóò di ìwé owó orí, nítorí náà wọ́n mú apá kan wá, wọ́n fi apá kan pamọ́, títí wọ́n fi rí i pé àwọn tí wọ́n fi pamọ́ ló ń kú. Àrùn náà tún ṣẹ́ yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ètò mìíràn dìde sí i lọ́dún 1986, lọ́dún 2011 ni gbogbo àgbáyé sì kéde pé ó ti tán pátápátá. Àwọn tó gún abẹ́rẹ́ ọdún wọ̀nyẹn ló gba ìwọ̀nba ìfọkàntán tí dókítà ẹran ṣì ní lónìí. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ dídùn gbà á. Màlúù yè ni.

Lọ́dún 1970, Côte d'Ivoire, Dahomey (Benin òní), Upper Volta, Niger àti Togo dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn àti ẹran jíjẹ, wọ́n fi olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Ouagadougou. Inú wa dùn. Ọ̀dá ọdún 1973 dé kí àjọ náà tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀, mo sì rí ohun tí mi ò gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni rí: ẹran tó kan egungun ń wọ ọjà, oníṣòwò ń dá owó tí kò tó owó awọ, ẹni tó ni ín ń gbà á nítorí pé ẹran náà lè má rí ọ̀la. Bí ìwọ̀n bá wà nínú ìwé ẹnìkan láti ọdún tó ṣáájú, à bá mọ ohun tí ọ̀dá náà gbà lọ lára ẹran kọ̀ọ̀kan. Orí ẹran tó kú nìkan ni wọ́n kà. Kílò tó yọ́ kúrò lára àwọn tó kù, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù nínú ìtàn owó àti kílò. Ní àwọn ọdún 1980, ẹran màlúù dídì láti Yúróòpù kún Abidjan. Owó pọ́ọ́kú ni, nítorí pé àwọn ìjọba Yúróòpù ń san owó ìrànwọ́ fún àwọn tó ń kó o jáde. Ẹ jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń san án: lórí kílò ni. Kílò tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí ìwé jẹ́rìí sí, ni owó ń tẹ̀ lé. Ẹran wa, tí kò sẹ́ni tó mọ kílò rẹ̀, tó rìn tàbí tó dúró nínú ọkọ̀ ojú irin, ni ó ń bá a du oníbàárà lọ́jà kan náà. Àwọn oníṣòwò wa tó mọ ọ̀nà Abidjan bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ pẹ̀lú gbèsè. Àwọn kan nínú Yúróòpù fúnra wọn pariwo sí i, wọ́n dín owó ìrànwọ́ náà kù, iye owó sẹ́fà sì já sí ìdajì ní oṣù kìíní ọdún 1994. Lójijì ẹran òkèèrè wọ́n, ẹran wa tún rí oníbàárà. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹni tó ní ìwọ̀n lọ́wọ́ lè gba owó lórí rẹ̀, ẹni tí kò ní in kò ní ohun tó máa fi ṣẹjọ́.

Ààrẹ Thomas Sankara ti fagi lé owó orí ènìyàn ní tirẹ̀ lọ́dún 1984, ọdún tí orúkọ ìlú di Burkina Faso. Ó yẹ kí èyí mú ẹ̀rù ìwé kúrò. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1985 ó kéde ìjà mẹ́ta: ìjà sí iná igbó, ìjà sí gígé igi, àti ìjà sí ẹran tó ń rìn káàkiri. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, mo sì mọ̀ pé igi ni ó ń dáàbò bò. Síbẹ̀, ohun tí darandaran gbọ́ ni pé ẹran òun ti di ọ̀tá.

Ẹ wo bí ìjọba ṣe wá mọ iye màlúù orílẹ̀-èdè yìí. Ìwádìí kan wáyé lọ́dún 1989. Èkejì wáyé lọ́dún 2003, ó sì rí màlúù bíi mílíọ̀nù 7.3. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọdọọdún ni wọ́n ń fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ìṣirò lórí ìṣirò, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Ìwé ìrìnnà ẹran tí ECOWAS fọwọ́ sí lọ́dún 1998 béèrè iye ẹran, abẹ́rẹ́ àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Kò béèrè kílò. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ìjọba kan lè san owó kí ó lè mọ ìwọ̀n ọmọ màlúù, ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n kà á sí ohun tó yẹ láti rà.

Gúúsù ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè yìí ni ìdánwò tó sún mọ́ ti Ireland jù ti ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá, àwọn olùwádìí Burkina àti Austria bá àwọn olóko ní ìpínlẹ̀ Poni, ní ìhà Gaoua, ṣiṣẹ́ lórí màlúù Baoulé, màlúù kúkurú tí kò ní iké, tí àrùn eṣinṣin tsetse kì í tètè rí gbé ṣe. Wọ́n ń wọn ẹran, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn olóko lè jọ yan akọ tí wọ́n máa fi gùn. Kò sí òṣùwọ̀n ńlá ní gbogbo abúlé, nítorí náà téèpù ni a lè lò. Ọ̀nà náà ti pẹ́. Quetelet, ará Belgium tó ṣètò ìkànìyàn orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́dún 1846, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe èyí tí mo mọ̀: wọn yípo àyà ẹran lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, fi gígùn ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí o tún fi 87.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹran tí àyà rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.3, yóò jẹ́ bíi kílò 256. Màlúù Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe é, oníké wa sì rí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí níbí fi ń wá ìṣirò tó bá ẹran wa mu. Àmọ́ téèpù kan kò wọ́n, ó wọ inú àpò, ọmọ ọdún méjìlá sì lè lò ó bí ẹlòmíràn bá di ẹran mú.

Ibi tí àwọn ará Tanghin bá a dé nìyí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àtúnsọ. Ní Ireland, ẹni tó ni màlúù náà ló ń sìn ín, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, nọ́ńbà ẹran wà létí ẹran. Níbí, bí Fúlàní bá fi orúkọ ara rẹ̀ gba owó lórí màlúù Mossi, Mossi yóò sọ pé ó ti fẹ́ gbà á. Bí Mossi bá jáde wá sọ pé òun ni òun ni ín, gbogbo ẹbí á ti mọ̀ kó tó di alẹ́. Tí Fúlàní bá sì kọ gbogbo ẹran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti di olówó nínú ìwé ìjọba pẹ̀lú ẹran tí kì í ṣe tirẹ̀, olówó ni wọ́n sì máa ń wá nígbà tí ìjọba mìíràn bá dé. Èmi dá a lábàá pé kí wọ́n má san án lórí màlúù rárá. Kí wọ́n san án gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, fún ẹni tó di okùn mú lọ́jọ́ ìwọ̀n. Orúkọ olówó kò ní wọ ìwé, àmì ara ẹran ni yóò wọ̀ ọ́, bí mo ti ń kọ ọ́ lọ́jà láti ìgbà èwe mi. Bàbá Dori fara mọ́ èyí, wọ́n sì fi kún un pé kí ìwé jẹ́ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ darandaran, kí ó lè mú un dání wá bá alápatà.

Gbólóhùn wọn yìí ló mú mi gbà pé ètò bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà. Sẹ́fà 26,000 yóò tán lọ́sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ẹran òun jẹ́ kílò 256, tó sì mọ̀ pé bí ìdajì rẹ̀ ni yóò so sórí ìkọ́, lè béèrè iye tí wọ́n ń ta kílò ẹran lọ́jà ìlú kí ó tó dáhùn sí owó tí dìláàlì bá pè. Ìṣirò tí alápatà nìkan ń ṣe sínú láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé yóò di ti àwọn méjèèjì.

Ewu wà níbẹ̀, mi ò sì ní fojú fo o. Djibo, tó ní ọ̀kan nínú àwọn ọjà màlúù tó tóbi jù ní àríwá, bọ́ sábẹ́ ìdótì àwọn agbébọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Àwọn tó sá kúrò nílé wọn lórílẹ̀-èdè yìí ti ju mílíọ̀nù 2 lọ lọ́dún 2023. Wọ́n ti kó agbo ẹran odindi lọ lọ́wọ́ àwọn tó sin wọ́n dàgbà. Àkọsílẹ̀ tó sọ ibi tí ẹran tó sanra wà, ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò mọ ibi tí yóò gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti là, ní Poni, ní ẹ̀bá Ouagadougou, kí wọ́n má sì kọ orúkọ abúlé tàbí ti pápá ìjẹko sínú ohun tí wọ́n máa kó lọ sí ọ́fíìsì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kò fẹnu kò lé. Àwọn darandaran ní àwọn yóò mú ẹran wá fún ìwọ̀n ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn òjò, nígbà tí iké bá ti dìde tí ara ẹran ń dán. Wọ́n ní ojú yóò ti àwọn láti mú un wá ní oṣù kẹfà, kí koríko tuntun tó hù, tí ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òdìkejì ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé oṣù kẹfà gan-an ni ìjọba gbọ́dọ̀ rí. Kílò tó wà láàárín oṣù méjèèjì ni oúnjẹ tí ẹran kò rí jẹ, omi tí kò rí mu, kànga tí wọn kò gbẹ́, ọ̀nà ẹran tí wọ́n ti sọ di oko. Bí wọ́n bá wọn oṣù kẹwàá nìkan, ọ́fíìsì yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.